Mo Ti Fún Bàbá Rẹ Ní Kọ́kọ́rọ́ Ṣọ́ọ̀bù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà, ṣé ara ìyàwó wa le? Ọlọ́run tí kò jẹ́ kí abẹ́rẹ́ gún mi lọ́wọ́ láti ìgbà tí ọdún ti bẹ̀rẹ̀ kò ní jẹ́ kí nǹkan ibi gún ìwọ náà. Àwa wà, àfi ojú bàbá rẹ tó ṣì ń ṣe bàìbàì.

Mo rí ọ nínú fóònù àbúrò rẹ obìnrin, inú mi sì dùn débi pé mo sáré gbálẹ̀, mo pààrọ̀ aṣọ, kí o má baà bá wa nínú ìdọ̀tí. Mo kí ọ kí ọ, o ò dáhùn. Mo ní kò burú, ẹni tó ń bá gbogbo ayé sọ̀rọ̀ kò lè ráyè dá ìyá rẹ̀ nìkan lóhùn. Nígbà tí o parí, àbúrò rẹ fọwọ́ tẹ̀ ọ́, o tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí o mumi ná.

O ní kì í ṣe orí ara rẹ lo ti mú un, pé àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ ló kọ ọ́ sínú ìwé pé ìjọba kékeré ni ilé, ọkọ ni ọba ibẹ̀, tí obìnrin bá sì ń jáde lọ wá owó, ìlú máa tú ká, àti pé ẹgbẹ́ òṣèlú yín máa dá gbogbo obìnrin padà sílé tí ẹ bá wọlé. Ọmọ mi, o kàwé o. Aṣọ tí mo rán tí mo fi san owó iléèwé rẹ kò já sí asán.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi dúró de ìbò. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo ti ṣọ́ọ̀bù pa, mo kúnlẹ̀, mo fún bàbá rẹ ní kọ́kọ́rọ́, mo ní kábíyèsí, mo ti padà sílé. Ó bi mí pé ṣé ara mi ò gbóná. Ó jókòó ti kọ́kọ́rọ́ náà títí di ọ̀sán, ó wá bi mí pé kí ni ọba máa jẹ. Mo ní ọwọ́ rẹ̀ ni mo ń wò.

Ọ̀rọ̀ ìyàwó wa nìkan ni kò jẹ́ kí n sùn. Ó pè, ó ń sunkún, ó ní o ní kí òun fi iṣẹ́ nọ́ọ̀sì sílẹ̀, òun sì ti ń di ẹrù òun. Mo ní kó fara balẹ̀, pé àwọn ọ̀mọ̀wé yẹn á ti ṣètò owó ilé tí ó ń san. Ó ní wọ́n ti kú tipẹ́. Ẹ̀rù bà mí. Ta ló wá máa bá ọ san án?

Nítorí náà, fi owó oúnjẹ ránṣẹ́, àti ti oògùn ojú bàbá rẹ, àti ti ṣọ́ọ̀bù, torí èmi náà ti di ará ilé. Tí kò bá sí lọ́wọ́ rẹ, béèrè lọ́wọ́ àwọn tó rán ọ níṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ òótọ́ ni pé wọ́n ti kú, tètè bẹ ìyàwó rẹ kó tú ẹrù rẹ̀, kí o sì pe bàbá rẹ kó dá kọ́kọ́rọ́ mi padà, aṣọ iléèwé àwọn ọmọ ti kún orí tábìlì.

Ilé rẹ kò ní tú. O ò ní fi ẹnu ara rẹ lé ẹni tó ń bọ́ ọ lọ.

Èmi ni ìyá rẹ, tó jókòó sílé bí o ṣe wí.