Ẹ̀rọ Omi Tí A Fi Tápólì Bò

Ojúlé Kẹsàn-án,
Òkè-Ọ̀gán,
Ìgbó-Ọrà,
Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́.
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kẹjọ, 2025.

Keturah, ọ̀rẹ́ mi àtọdúnmọ́dún,

Ìyá Kíkí, o kú ọjọ́ mẹ́ta. O kú iṣẹ́ Èkó, o kú làálàá. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Bàbá Kíkí ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn ún ti fúyẹ́? Kíkí fúnra rẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ti parí ìdánwò? Ọlọ́run yóò jẹ́ kí a rí èrè àwọn ọmọ wa jẹ o. Ní tiwa níbí, à ń mí. Bí mo bá ní a wà dáadáa, irọ́ ni mo pa, o sì mọ̀ pé irọ́ kì í dùn lẹ́nu mi.

Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o fi ohùn rẹ sọ ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ, torí mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. O ní ẹ ti mú ọjọ́ tuntun tí ẹ ó wá ṣí ẹ̀rọ omi wa, ní ìparí Oṣù Kẹsàn-án. O ní kí a fọ̀ ọ́, kí a tún un kùn, kí a bò ó, kí ẹnikẹ́ni má sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí ẹ ó fi dé. O ní kí n kó àwọn obìnrin àdúgbò jọ, kí Màámi sì wá ṣàdúrà sí i. Mo lè pè ọ́ padà, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ ohùn rẹ, ẹkún ni n ó sun, n kò sì fẹ́ sunkún fún ọ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

Jẹ́ kí n rò ó fún ọ bó ṣe rí gan-an, torí ó dá mi lójú pé Bàbá Bámiṣẹ́, alága àdúgbò wa, kò sọ gbogbo rẹ̀ fún ọ. Ìwọ náà mọ̀ pé láti ìgbà tí wọ́n ti gbé títì sókè ni gbogbo omi òjò òkè ti ń rọ́ wá sí Ìsàlẹ̀-Ọ̀gán, tí kò sì rí ibi gbà lọ. Nígbà tí ẹ̀yin ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ra ẹ̀rọ tí yóò máa fa omi náà láti inú kòtò ńlá tí a gbẹ́, tí yóò máa dà á sódò ní òdìkejì títì, ta ni kò yọ̀? Ìwọ lo ṣáájú wọn. Màámi jó lójúde, ó ní, "Keturah ọmọ mi, omi kò ní gbé ọ lọ láé."

Oṣù Kejì ni ẹ̀rọ dé. Ìsmáílà tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe gbé e sórí kankéré, ó so rọ́bà gbọọrọ mọ́ ọn, ó ní kí a bu omi sí i kí a tàn án wò kí òjò tó dé. Ìwọ lo pè, o ní rárá o. O ní àwọn afọ́tò ń bọ̀, pé ojú àwọn èèyàn ńlá ni omi àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ ti jáde. Wọ́n bá so rìbọ́n pupa mọ́ ọn, wọ́n fi tápólì bò ó, wọ́n ti ilé rẹ̀ pa, Bàbá Bámiṣẹ́ sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò. Ẹ sún ọjọ́ náà láti Àjíǹde sí Iléyá, ẹ tún sún un kúrò ní Iléyá. Ìsmáílà lọ bẹ Bàbá. Bàbá ní, "Ẹni tó rán aṣọ Iléyá fún ọ kò tíì rí i lọ́rùn rẹ, o ti fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ sóko? Ṣé aláìmoore ni wá ni?" Gbogbo àgbà ní òótọ́ ló sọ. Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó tí à ń bọ̀wọ̀ fún ọ, tí ojú ọ̀run ń ṣú.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé Iléyá, lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, òjò dé. Háà, òjò rọ̀! Kòtò kún, omi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ síta. A sáré lọ bá Bàbá Bámiṣẹ́ pé kó mú kọ́kọ́rọ́ wá. Ó ní kí òun kọ́kọ́ pè ọ́ ná, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ó pè, o ò gbé e. Ó tún pè. Nígbà tí o gbé e, o ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ mú sùúrù díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n bá àwọn ìgbìmọ̀ sọ̀rọ̀." Keturah! Ṣé òjò wà nínú ìgbìmọ̀ yín ni? Mo dúró níbẹ̀, omi ti dé orókún mi, mo ń wo àgbàlagbà tó di fóònù mú lábẹ́ agbòjò, tó ń dúró de ìpè rẹ.

Ìsmáílà ló já àgádágodo nígbẹ̀yìn. Ẹ̀rọ jí, ó ń ké, ṣùgbọ́n omi kò bọ́ sí i. Òrùka irin tó so rọ́bà mọ́ ẹnu ẹ̀rọ kò bá a mu, ó tóbi jù, afẹ́fẹ́ lásán ló ń fà. Ó fi àkísà wé e, ó fi rọ́bà táyà dè é, kò gbà. Ohun tí à bá rí ní Oṣù Kejì, kí a lọ ra òmíràn n'Íbàdàn kí a sì padà délé jẹun alẹ́, inú òjò la ti wá rí i. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bà. Ilé Màámi ló wó. Ilé alámọ̀ ni, o mọ̀ ọ́n, o ti sùn nínú rẹ̀ rí. Omi dúró ti ìdí ògiri, ògiri ń mu ún bí ìgbà tí gaàrí ń mu omi, yàrá ẹ̀yìn ya lulẹ̀, òrùlé tẹ̀lé e. A ti mú Màámi jáde, Ọlọ́run ṣeun, nǹkan kan kò kàn án lára. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pẹ̀lú ìborùn rẹ̀, ó ń wò ó. Ẹ̀gúsí ló tà tó fi kọ́ ilé yẹn lẹ́yìn ikú bàbá wa, nígbà tí àwọn ẹbí ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ó búra nígbà náà pé òun kò ní gbé abẹ́ òrùlé ẹnikẹ́ni mọ́ láyé òun.

Abẹ́ òrùlé ọkọ mi ló wà báyìí. Ọkọ mi kò ṣe é níkà, kì í pè é ní nǹkan kan ju "Ìyá wa" lọ, ṣùgbọ́n o mọ ohun tó jẹ́ fún ìyá ìyàwó kó máa gbé ilé àna rẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti gbálẹ̀ tán, kí ẹnikẹ́ni má baà ní ó ń jókòó jẹ. Kì í bu ọbẹ̀ fúnra rẹ̀. Obìnrin tó ń pàṣẹ fún gbogbo Ìsàlẹ̀-Ọ̀gán, òun ló ń bi mí bóyá òun lè sá aṣọ sórí okùn mi! Inú ń bí mi sí ọ, Keturah. Ó ń bí mi gan-an ni.

Ìsmáílà ti ra òrùka tó bá a mu. Òjò Oṣù Keje rọ̀, ẹ̀rọ fà á gbẹ, ilé kankan kò tún wó. Bàbá Bámiṣẹ́ sì ti ra ọ̀dà báyìí, ó fẹ́ fi kun ibi tó ti ha, kí àwọn èèyàn ńlá yín má baà mọ̀ pé a ti lò ó. Ẹ̀rọ tí ẹ rà kí a máa lò! Òjò ìkejì ń bọ̀, ìwọ náà sì mọ bó ṣe máa ń le. A ti kó ọ̀rá àti iyanrìn inú kòtò kúrò, a ti fi asẹ́ sẹ́nu rọ́bà, epo dísẹ́ẹ̀lì wà nílẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ Ìsmáílà. Ẹni tó bá fẹ́ da tápólì bo ẹ̀rọ yẹn, kó kọ́kọ́ dà á bò mí. Bí ẹ bá dé, ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ẹ ó bá a. Ẹ ya fọ́tò ìyẹn.

Bá mi kí Bàbá Kíkí, kó máa fara balẹ̀ nítorí ẹ̀yìn rẹ̀. Sọ fún Kíkí pé mo ti bó ẹ̀gúsí pamọ́ fún un, ìjà àwa méjì kò kàn án. Rebecca tí a jọ lọ sílé ìwé náà ní kí n kí ọ.

Ó ku ti àdúrà tí o ní kí Màámi wá ṣe. Kò mọ̀ rárá tẹ́lẹ̀ pé ìwọ lo ní kí wọ́n mú sùúrù lọ́jọ́ òjò náà. Ó ń gbàdúrà fún ọ lẹ́yìn ìrun rẹ̀, n kò sì lè la ẹnu mi. Àmọ́ nígbà tí mo ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀kejì, ó wà lẹ́nu ọ̀nà, ó gbọ́ ọ. Ó bi mí bóyá ìwọ náà lo ní kí a dúró lọ́jọ́ òjò yẹn, mo sì sọ fún un. Lẹ́yìn náà ó ní kí n má bá ọ jà. Ó ní òun á ṣì máa gbàdúrà fún ọ, torí ọmọ òun ni ọ́. Ṣùgbọ́n ó ní bí o bá dé Ìgbó-Ọrà, kí o má wá kí òun nílé àna òun. Ó ní ilé òun ni o mọ̀, ibẹ̀ ni kí o ti wá kí òun.

Èmi ni, tí a jọ dàgbà,

Mùnírátù