Pápá Ọ̀yọ́ Tí Ẹ Ò Júwe Fún Ẹnikẹ́ni

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

N kò ní kí yín lónìí. Inú ń bí mi sí yín, mi ò sì mọ ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ju ẹ̀yin náà lọ.

Láti ìgbà tí a ti ṣe fìdáù yín, mi ò tíì padà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá rò pé iṣẹ́ ló dí mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ wo? Àwọn onílẹ̀ ti gba pápá gọ́ọ̀fù mi ní Ọ̀yọ́. Wọ́n ní àlejò kì í yà síbẹ̀, wọ́n sì ti kọ ebè àgbàdo sí gbogbo rẹ̀.

Ẹ mọ pápá náà dáadáa. Ẹ̀yin lẹ di okùn mú lọ́jọ́ tí a wọn ilẹ̀ rẹ̀ lẹ́yìn Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fi ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti dúdú po yanrìn, kí bọ́ọ̀lù lè yí geere lọ sínú ihò. Ẹ ṣàdúrà, mo ṣàmín títí ọ̀fun mi fi gbẹ. Ẹ̀yin sì ni olórí àwọn tó ń gbé àpò ọ̀pá gọ́ọ̀fù ní pápá Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ̀yin ni gbogbo máníjà báńkì tó ń ti Ìlọrin lọ sí Ìbàdàn máa ń bi pé níbo làwọn tún ti lè gbá bọ́ọ̀lù níwájú. Mo ní ta ló tún kù tí n ó máa wá láti júwe pápá mi fún wọn?

Mo fẹ́ràn láti máa wò yín nígbà náà. Ẹ kì í yára dáhùn. Ẹ ó rún obì lẹ́nu, ẹ ó wo ẹsẹ̀ ọ̀gá náà, ẹ ó yọjú wo àwọn tó wà nínú ọkọ̀. Ẹni tí orúnkún ń dà láàmú, ẹ kì í rán an lọ síbi olókè. Ẹni tó kó ìyàwó àti ọmọ lẹ́yìn, ẹ ó júwe ibi tí ibòji wà. Bó bá jẹ́ ìgbà òjò, ẹ ó ní kí wọ́n yẹra fún pápá etí odò.

Pápá tèmi tẹ́jú. Igi máńgòrò wà níbẹ̀. Ṣé kò sí ẹyọ ọ̀kan nínú wọn tó bá mu ni?

Níbi fìdáù ni mo ti gbọ́. Mo ń gbé omi fún ẹnjiníà kan tó wá láti Ìlọrin, ó sì ń yìn yín. Kò mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe.

"Bàbá yẹn kì í tan èèyàn rárá," ló wí. "Ìgbàkígbà tí mo bá béèrè pápá Ọ̀yọ́ yẹn, wọ́n á ní, 'Ọ̀gá, ẹ má wulẹ̀ yà níbẹ̀ o. Mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tó ni ín.'"

Mo ní ẹ ṣé, sà. Mo gbé omi kalẹ̀.

Ẹ ò mọ ẹni tó ni ín, Bàbá? Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu! Ṣé ẹ̀rù ń bà yín kí wọ́n má baà ní ẹ̀ ń polówó ọmọ yín ni? Mo mọ̀ pé a kì í yin ọmọ lójú rẹ̀. Ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ la wá ti ń bà á jẹ́? Tí pápá náà ò bá dára, kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́ sí mi létí, ẹ̀yin tí ẹ máa ń bá mi wí torí bàtà tí mi ò nù? Ǹ bá tún un ṣe. Gbogbo Sátidé ni mo fi ń jókòó sábẹ́ máńgòrò, tí mò ń wo ọ̀nà, tí mo sì ń sọ fún àwọn onílẹ̀ pé kí wọ́n ṣe sùúrù, bàbá mi ń darí àwọn àlejò bọ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá kan yà sọ́dọ̀ mi. Ẹnì kan ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́ ló júwe mi fún un. Ó ń tiro, ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà nínú ọkọ̀. Ní gbogbo ọ̀nà yìí, kò síbi tó ì bá bá a mu tó tèmi. Àgbàdo ti hù níbẹ̀. Mo ní kó máa lọ sí Ìbàdàn, pé kò sí pápá kankan ní Ọ̀yọ́. Òótọ́ ni mo sọ fún un.

Àárò yín ń sọ mí lójoojúmọ́. Mo ti dárí ji àwọn onílẹ̀. Ẹ̀yin ni mi ò tíì lè dárí jì.

Ọmọ yín ni mí, ẹ mọ̀ mí dáadáa.