Ohun Tí Ẹkùn Jẹ Ládùúgbò Wa

Ilé Kejìlá,
Òpópónà Ẹ̀yìn Ọjà.
Ọjọ́ Kẹsàn-án, Oṣù Kẹta.

Akọ̀wé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún tó ń dùn ọ́ ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí o gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le koko bí awọ tí mo fúnra mi sá. Ọwọ́ ara mi ni mo sì fi kọ lẹ́tà yìí, kò sẹ́ni tó bá mi kọ ọ́.

Ẹkùn kan ń wọ àdúgbò wa. Wọ́n rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà ewúrẹ́ ìyàwó mi, ni alága àdúgbò bá ní àwọn ewúrẹ́ ló ń fà á wá, ká kó gbogbo wọn kúrò. Ewúrẹ́ mọ́kànlá, tí ìyàwó mi mọ orúkọ wọn ju ti àwọn ọmọ-ọmọ wa lọ. Kò lè jẹun mọ́.

Ni ọmọge kan, òṣìṣẹ́ ìjọba tó mọ ẹranko igbó, bá dé. Ó ṣa ìgbẹ́ ẹkùn náà jọ, ó fi asẹ́ fọ̀ ọ́ lójú gbogbo wa, ó ku irun àti eegun wẹ́wẹ́. Ó ní òun máa gbé e lọ yẹ̀ wò. Mo ní, "Ọmọ mi, gbé e wá ná." Ogójì ọdún ni mo ti ń fá irun lára awọ, irun wo ni ọwọ́ mi ò mọ̀? Mo fi ìka ra á. Èyí òkété, èyí ajá, èyí náà òkété. Kò sí ti ewúrẹ́ níbẹ̀.

Alága rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá Aláwọ, ẹ ò ka ìwé, ìgbẹ́ lẹ fẹ́ kà."

Mo ní, "Alága, ajá yín pupa yẹn dà?"

Ó bojú wo ẹ̀yìn ilé rẹ̀. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tó ti ń wá a.

Ọmọge bẹ̀ ẹ́ pé kó dúró de èsì. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta n kò sùn dáadáa, ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí èsì dé, ohun tí mo sọ gan-an ni. Òkété àti ajá tó ń jẹ lórí ààtàn ẹ̀yìn ilé alága, tí kò jìnnà sí ọgbà wa, ni ẹkùn ń wá pa jẹ. A kó ààtàn náà tán lọ́jọ́ kan, alága ló kọ́kọ́ mú ṣọ́bìrì. A ò tíì tún rí ojú ẹsẹ̀ ẹkùn látìgbà náà. Àwọn ewúrẹ́ wà lọ́gbà wọn, ìyàwó mi sì jẹ àwo méjì.

Ọmọge náà kọ orúkọ mi sínú ìwé tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀gá rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní kí n wá fi irun ẹranko han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀. Ìwọ lo jókòó tì mí ní kíláàsì kejì lọ́jọ́ tí tíṣà wa ní ọwọ́ mi yìí ò lè di pẹ́ńsù mú. Wá o. Mo ti ní kí wọ́n fi àga kan sílẹ̀ fún ọ níwájú.

Bá mi kí ìyá àwọn ọmọ, kí o sì kí ẹ̀gbọ́n rẹ télọ̀.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ láti kékeré,
Ọ̀gá Aláwọ.