Ọwọ́ Òsì Ló Ń Gbá A, Bàbá

Ẹ̀rù ń bà mí pé wọ́n á lé Wálé ọmọ mi kúrò ní pápá tẹníìsì lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti sọ ọ́. Ẹ jẹ́ kí n wá kí yín.

Bàbá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, láti ìgbà tí ẹ ti padà sílé. Gbogbo wa ní Lagos Town, àdúgbò àwa Yorùbá nílẹ̀ onílẹ̀ yìí, wà láàyè. Àbúrò Wálé ti bí obìnrin. Mo ṣì ń wo tẹníìsì lọ́jọ́ Sọ́ńdè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí mo lè bá jà sí i mọ́.

Ṣé ẹ rántí ìjà wa? Nínú àwọn ọkùnrin tó ń fi tẹníìsì jẹun, ta ló mọ bákáńdì ọlọ́wọ́ méjì gbá jù, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá láti apá òsì? Ẹ̀yin ò gbà ju ẹni tí ẹ sọ ní Onírọ́bà lọ: ẹsẹ̀ rẹ̀ á yà bí aṣọ tó fẹ́ fà ya, síbẹ̀ bọ́ọ̀lù á gba ẹ̀gbẹ́ ìlà lọ tààrà. Wálé ní Ọ̀pá ni, gígùn gbọọrọ yẹn, tó ń gbá a bí ẹni ń fi igi lé ewúrẹ́, tí kì í sì í tàsé. Tèmi, Oníkánjú ni. Kì í jẹ́ kí bọ́ọ̀lù dìde tán kó tó dá a padà. Ẹni tó gbá a sí i kò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tí tiẹ̀ ti dé. Ẹ máa ń ju ìrọ̀rí lù mí tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀. Mo tún sọ ọ́ lónìí.

Wálé fi iṣẹ́ ọ́fíìsì sílẹ̀, ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní tẹníìsì ní àdúgbò Dansoman. Mo sunkún, mo gbààwẹ̀, kò gbọ́. Wàhálà tó dé báyìí ni pé bí wọ́n bá ń kọ́ bákáńdì yìí, ó máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ fi ọwọ́ òsì nìkan gbá bọ́ọ̀lù, kí wọ́n tó fi ọ̀tún kún un. Bàbá ọmọ kan ká wọn mọ́ ibẹ̀. Ẹ mọ ìlú yìí: ẹni tó na ọwọ́ òsì sí àgbà, ó bú u ni. Ọkùnrin náà kó àwọn òbí jọ. Wọ́n ní kí Wálé jáwọ́, tàbí kó máa lọ. Sátidé ni wọ́n máa parí ẹ̀.

Mo wọ ọkọ̀ trotro lọ bẹ Wálé ní pápá. Ọkùnrin náà wà níbẹ̀, ó sì fi Alata tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀:

“Mama Alata, ṣé báyìí lẹ ṣe ń tọ́ ọmọ nílé yín?”

Ojú tì mí. Mo ní kí Wálé dákun, kó jẹ́ kí wọ́n máa fi ọ̀tún gbá a. Ó fi rákẹ́ẹ̀tì lé mi lọ́wọ́.

“Màámi, ẹ fi ọ̀tún di ìsàlẹ̀ mú, kí òsì wà lókè. Ó yá, ẹ gbá a.”

Mo gbá a. Ọ̀tún mi kàn wà níbẹ̀ bí àlejò. Òsì ló ṣe gbogbo iṣẹ́. Bọ́ọ̀lù fò kọjá lórí bàbá ọmọ náà! Àwọn ọmọ pariwo kí ìyá àgbà: “Ei, Nana!”

Bàbá, ṣé ẹ mọ̀? Gbogbo Sọ́ńdè tí ẹ ń pàtẹ́wọ́ fún Onírọ́bà, ọwọ́ òsì rẹ̀ lẹ ń yìn. Irú ọwọ́ tí ẹ fi aṣọ dì mọ́ mi lẹ́yìn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún márùn-ún, nítorí pé mo fi gba ẹran lọ́wọ́ yín. Oṣù mélòó ni mo fi jẹun pẹ̀lú omijé? Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, kí wọ́n má baà fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nílẹ̀ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣì í, sà. Èmi náà ti di ìyá àgbà, ẹnu mi gbà á.

Wọ́n ní a kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni. Mi ò ní fi júwe rẹ̀ láéláé. Ọ̀tún ni màá fi kí àgbà, ọ̀tún ni màá fi fún wọn lóúnjẹ. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù kì í ṣe àgbà. Lọ́jọ́ Sátidé, ẹ̀gbẹ́ Wálé ni màá dúró sí. Àyà mi ń já o, mi ò purọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ lé e, kí wọ́n lé àwa méjèèjì.

Ẹ gbà pé ẹ ṣì í, tàbí kí ẹ bá mi jà bíi ti tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá wù yín nínú méjèèjì, ẹ tètè kọ ọ́ ránṣẹ́, Sátidé kù sí dẹ̀dẹ̀.

Ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ń retí ìwé yín.