Bí Yèyé Mi Ṣe Ń Fọ Asẹ́

Yèyé mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àfaradà oòrùn Ìbòkun. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òtútù ibí kì í jẹ́ kí orúnkún ṣẹ́ bọ̀rọ̀. Mo kí Bàbá wa lóko kòkó. Mo kí Délé àbúrò mi, tí yóò wá láti Òkè-Fìà ka lẹ́tà yìí fún yín. Délé, má fo ìlà kankan o, mo mọ̀ ẹ́.

Yèyé, ayọ̀ ni mo gbé dé. Iṣẹ́ tó fẹ́ sọ mí di ẹlẹ́yà ti bọ́ sí i!

Ẹ bi mí lórí fóònù pé kí ni mò ń wá gan-an nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlẹ́jẹ̀. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà nínú rẹ̀ tó ń bí ẹ̀jẹ̀ tuntun, wọn ò sì pọ̀ rárá. Tí a bá lè ṣà wọ́n jọ láàyè, a lè fi tọ́jú ẹni tí mùdùnmúdùn egungun rẹ̀ ò lè pèsè ẹ̀jẹ̀ mọ́. Asẹ́ la fi ń ṣà wọ́n, ó fẹ́lẹ́, ojú lásán ò sì lè rí ihò rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ yòókù á ṣàn kọjá, àwọn tí à ń wá á lẹ̀ mọ́ inú ihò. Wàhálà wa ni bí wọ́n ṣe máa jáde. Ẹ̀rọ la fi ń rọ́ omi lù wọ́n láti iwájú, àmọ́ òkú là ń bá. Ọ̀gá mi, obìnrin tí kì í pariwo, wá sọ fún mi jẹ́jẹ́ pé tí kò bá yọrí kí oṣù tó parí, wọn yóò pa iṣẹ́ náà tì, ìwé ìgbélùú mi yóò sì bá a lọ. Inú yàrá mi kan ṣoṣo ni mo ti dá sunkún.

Lọ́jọ́ Sátidé mo sẹ́ ògì, mo fẹ́ fọ aṣọ asẹ́, ọwọ́ mi kàn yí i padà fúnra rẹ̀. Mo dúró. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé a kì í fọ asẹ́ láti iwájú, èèrí á túbọ̀ há ni. Ẹ máa ń yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, ẹ ó rọra da omi sí i. Ẹ ti nà mí lọ́wọ́ rí nítorí pé mo ń kánjú.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo pa ẹ̀rọ, mo yí asẹ́ wa padà, mo jẹ́ kí omi rọra gba ẹ̀yìn wọlé. Yèyé, wọ́n jáde! Wọ́n wà láàyè! Ọ̀gá mi wò wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, ó dì mọ́ mi. A tún un ṣe títí, kò yẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ, èmi náà ò lọ ibì kankan.

Ọ̀gá wá bi mí pé ta ló kọ́ mi, mo ní ìyá mi ni. Yèyé, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé ẹ̀kọ́ ní Iléṣà, wọ́n ní ká kọ iṣẹ́ ìyá wa sí fọ́ọ̀mù. Ojú tì mí láti kọ ògì, mo kọ olùkọ́. Ẹ ní kí n kà á fún yín, mo sì ka ògì sókè dípò ohun tí mo kọ.

Ní báyìí, wọ́n ní kí n kọ ẹni tó ràn wá lọ́wọ́ sí ìparí ìwé tí a fi ròyìn iṣẹ́ wa. Mo kọ orúkọ yín, mo kọ Ìbòkun, mo kọ pé ògì lẹ ń ṣe tà. Mo ní kí ìwé ìròyìn Yorùbá kan tẹ lẹ́tà yìí síta kí àwọn oníbàárà yín náà lè rí i. Délé, kà á bó ṣe wà níbẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, ọwọ́ yín ò ní gbọ̀n. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé.

Irọ́ ni mo pa nínú fọ́ọ̀mù yẹn, Yèyé, àmọ́ olùkọ́ ni yín.

Èmi ni, Fọlákẹ́, ọmọ yín.