Ìlà Ẹ̀gbẹ́ Fèrèsé

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àga ni mo jókòó sí. Ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn yín ti ń jẹ́ kẹ́ ẹ rí oorun sùn? Mo gbàdúrà pé ìdí iṣẹ́ káfíńtà yín ni lẹ́tà yìí yóò ti bá yín, kì í ṣe orí ibùsùn. Ara tèmi le, mo sì ń jẹun. Ẹ bá mi sọ fún Màmá kí wọ́n fọkàn balẹ̀.

Ẹ bi mí pé kí ni mo tún ń wá nínú ìpàdé ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ Sátidé, nígbà tí mo ti gba ìwé ẹ̀rí olùkọ́, tẹ́ ẹ tiẹ̀ ti fi igi dáadáa ṣe férémù rẹ̀. Èmi náà ti bi ara mi bẹ́ẹ̀ rí.

Àwa olùkọ́ tuntun mẹ́fà ló wà níbí. Wọ́n ní ká máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì ara wa, ká kọ ohun tá a bá rí sílẹ̀, ká wá jọ yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ Sátidé. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta péré ni mo lọ, mo bá jáwọ́. Mo ní mo ti kàwé tán. Nígbà náà, bí Sátidé bá ti mọ́, màá dùbúlẹ̀, màá máa wo oòrùn bó ṣe ń rìn díẹ̀díẹ̀ lára ògiri títí yóò fi dé ara ìwé ẹ̀rí mi. Yóò wá máa dán bíi pé wúrà ni wọ́n fi kọ ọ́. Inú mi máa ń dùn gan-an.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì mi tí kì í sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló ń jókòó sí, yóò fọwọ́ lẹ́rán, yóò máa wòta. Mo kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí yóò tún kíláàsì kà. Ọjọ́ Ẹtì ni ọ̀gá àgbà ń retí ìwé náà.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Màmá Oníṣọ́ọ̀kì, olùkọ́ àgbà tó ń darí ìpàdé wa, kàn wọlé, wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí aago lù, wọ́n fún mi ní bébà kan. Wọ́n ti ya àga àwọn ọmọ síbẹ̀, ìgbàkígbà tí mo bá sì ti pe ọmọ kan, wọ́n ti fi àmì tóótó kan sí àga rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn dúdú fún àmì. Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé funfun báláú. Ọmọ méje ló wà níbẹ̀.

Inú bí mi, mi ò purọ́. Màmá Oníṣọ́ọ̀kì ní, “Ìpàkọ́ onípàkọ́ là ń rí, ẹni ẹlẹ́ni ní í báni rí tẹni.”

Mo mọ ohun tó fà á. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Alálàá, nítorí pé bí mo bá ti rí ojú ọ̀run, ọkàn mi a gbéra. Kí n má baà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fi kẹ̀yìn sí fèrèsé láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Lọ́jọ́ kejì, mo dojú kọ fèrèsé. Ìkùukùu ń kọjá lọ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọkàn mi fẹ́ bá a lọ, mo dì í mú. Mo bi ọmọbìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ yẹn ní ìṣirò tó ti ń da gbogbo kíláàsì láàmú láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó dìde, ó ṣe é láìṣìnà kankan. Mo ní kí ló dé tí kò sọ ọ́ látọjọ́ yìí.

Ó ní, “Mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, Tíṣà. Ẹ ò bi mí ni.”

Ojú tì mí, Bàbá. Mo yíjú sí pátákó, mo ń nu ibi tí mi ò kọ nǹkan kan sí. Kílẹ̀ tó ṣú, mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò.

Ìdáhùn mi nìyẹn, ohun tó mú mi padà sí ìpàdé nìyẹn. Ọjọ́ ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mọ iṣẹ́ yín, síbẹ̀ àràárọ̀ lẹ̀ ń pọ́n ayùn. Ẹ jẹ́ kí n máa pọ́n tèmi ní Sátidé.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kọ́wọ́ yín gbọ̀n lórí igi, kójú yín má sì wá ìlà tì. Ẹ óò jẹun ọmọ pẹ́.

Èmi ni ọmọbìnrin yín tó ń lálàá lójú mọmọ,
Alálàá

Mo tún rántí: ẹ bá mi ṣe férémù kan sí i, kékeré ni. Bébà alámì tóótó yẹn ni mo fẹ́ gbé kọ́, níbi tí oòrùn máa ń kọ́kọ́ dé.