Áásù Tó Wà Lábẹ́ Arúgbó

Ọjọ́ Ajé, 4 Oṣù Karùn-ún

Dókítà pè mí sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó ní kí n má tan ara mi, ọkàn Bàámi ti rẹ̀, ibi tó bá wù wọ́n ni ká jẹ́ kí wọ́n wà. Ibi tó wù wọ́n ò ṣòro mọ̀. Látìgbà tí àrùn ti gba ọwọ́ ọ̀tún wọn àti ohùn lẹ́nu wọn, ojú fèrèsé yàrá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n ń wò, wọ́n á máa fi ọwọ́ òsì nà sí òkè. Ilé tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ́ wà lókè yẹn. Òjò sì ti dé. Gbogbo onímọ́tò tí mo bẹ̀ ló ní òun ò lè ti ọkọ̀ òun bọ ẹrẹ̀.

Ó wá ku Arúgbó. Píkọ́ọ̀pù Bàámi, tó ti jókòó sẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù mi látọdún tó kọjá. Mo sọ fún Màámi pé èmi ni màá gbé wọn gòkè. Bí mẹkáníìkì ò bá lè gbé bàbá ẹ̀ délé, kí ló wá ń ṣe?

Ìṣẹ́gun, 5

Ẹ́ńjìnnì dáhùn. Ìyẹn yà mí lẹ́nu.

Ọ̀pá jíà kékeré wà níbẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ fà. Bàámi ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fọwọ́ kàn án rí. Nígbà tí ohùn wọn ṣì wà: “Fi ìyẹn sílẹ̀.” Kò sí àlàyé. Agídí àgbà ni mo pè é. Mo fà á lónìí níwájú ṣọ́ọ̀bù. Arúgbó ò rìn ju bíi ilé méjì lọ tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ta kútọ́kútọ́, abẹ́ ń ké, nǹkan sì dún gbà. Mo pa á kíá. Iwájú ń fa tiẹ̀, ẹ̀yìn ń fa tiẹ̀.

Ọjọ́rú, 6

Mo gbé e sórí jáàkì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sára táyà, mo sàmì sára ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára lọ bá táyà. Màámi bá mi yí apá kejì, wọ́n ń ráhùn pé irú iṣẹ́ wo ni mo yàn láyò yìí. Táyà iwájú yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀pá ò yí tó ẹ̀ẹ̀mẹrin. Tẹ̀yìn: ẹ̀ẹ̀mẹrin àtààbọ̀, ó tún lé.

Ó tán. Jíà iwájú àti tẹ̀yìn kì í ṣe ọmọ ìyá kan náà. Nọ́ńbà jíà tí wọ́n tẹ̀ sára ilẹ̀kùn bá tiwájú mu. Tẹ̀yìn ni àjèjì. Ẹnì kan ti yọ áásù Arúgbó, ìyẹn irin gbọọrọ tó so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, tí jíà wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì ti fi ti ọkọ̀ mìíràn síbẹ̀.

Ta ni ì bá ṣe é? Bàámi nìkan ló ń tọ́jú ọkọ̀ yìí. Mo bi wọ́n. Wọ́n gbá ọwọ́ mi mú, wọn ò fẹ́ fi í sílẹ̀. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́ — ẹni tí àìsàn pa lẹ́nu mọ́ wá ńkọ́?

Ọjọ́bọ̀, 7

Ẹ̀rín-ò-dénú, tó ń ta àlòkù ọkọ̀, ní áásù tó bá Arúgbó mu gẹ́lẹ́. Pàṣípààrọ̀ ló fẹ́: kí n gbé ti abẹ́ rẹ̀ wá, àwọn tó ń yọ́ irin ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé. Ó rẹ́rìn-ín. Mo ní ó dáa.

Ẹtì, 8

Mo tú u. Bóòtù tó dè é mọ́lẹ̀ ò gbà, mo fi iná sí i. Bí mo ṣe ń tú u ni Bàámi ń ké lójú fèrèsé — ohùn lásán, kò lọ́rọ̀ nínú. Màámi sáré fún wọn lóògùn ara ríro. Èmi náà rò pé ìrora ni. Mo ń bá iṣẹ́ mi lọ.

Àbámẹ́ta, 9

Bàámi ò jẹun. Omi náà, wọ́n kọ̀ ọ́.

Àìkú, 10

Màá kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Wẹ́dà aládùúgbò mi, tó ń jó irin pọ̀, wá bá mi gbé áásù náà sọ́kọ̀. Mo ní kí n kọ́kọ́ ha ẹrẹ̀ ara rẹ̀ kúrò. Ọ̀dà búlúù ló yọ lábẹ́ ẹrẹ̀. Arúgbó ò fìgbà kankan jẹ́ búlúù. Aláwọ̀ eérú ni wọ́n rà á. Wẹ́dà kúnlẹ̀, ó fi ìka tọ ojú àpá kan níkùn irin náà, ó tọ̀ ọ́ lọ, ó tọ̀ ọ́ bọ̀. Ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun nìyí, òun ò lè ṣì í mọ̀. Bọ̀ọ̀dá mi ló gbé e wá jó. Ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ tí…

Kò parí ẹ̀. Kò sídìí tó fi máa parí ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kan ṣoṣo, ọkọ̀ ẹrù búlúù rẹ̀, kọ́nà òkè yẹn, àfonífojì. Ibi tí mo ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́nà jíjìn ni mo wà lọ́dún tí ọkọ̀ náà já sí i, òkú rẹ̀ nìkan ni mo bá.

Màámi jókòó lórí táyà nígbà tí mo sọ fún wọn. Wọ́n ní lẹ́yìn ìsìnkú, Bàámi tọ àwọn tó ń yọ́ irin lọ, wọ́n sì fi tapólì bo nǹkan kan bọ̀ wálé. Àwọn ò bi Bàámi pé kí ni. “Ojú wọn ò ṣeé bi léèrè lọ́jọ́ yẹn.”

Ó jẹ́ pé gbogbo ọdún wọ̀nyí, abẹ́ ọkọ̀ Bàámi ni ohun tó kù lára ọkọ̀ Bọ̀ọ̀dá wà, tó ń yí. Torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe fa ọ̀pá kékeré yẹn mọ́. Èmi ni mo wá ń tú u lójú wọn, tí wọ́n ń ké, tí mo ń pè é ní ìrora. Ìrora náà ni.

Ọjọ́ Ajé, 11

Àwọn tó ń yọ́ irin dé. Mo ní kí wọ́n máa lọ.

Jíà iwájú ni màá pààrọ̀. Kí iwájú wá bá ẹ̀yìn mu. Ẹ̀rín-ò-dénú ní ṣé orí mi pé ṣá, iṣẹ́ ọjọ́ kan ni mo fẹ́ sọ di iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Mo wá inú òkìtì àlòkù rẹ̀ títí mo fi rí jíà ńlá àti ọmọ rẹ̀ tí eyín wọn bá ti Bọ̀ọ̀dá mu. Mo ti dá áásù náà padà sábẹ́ Arúgbó. Mo tẹnu bọ Bàámi létí, mo sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe. Omijé wọn ń ṣàn sínú ìrọ̀rí. Tèmi náà. Màámi ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran, kí n dìde lọ ṣiṣẹ́ mi. Bàámi ti wá jẹun.

Ọjọ́bọ̀, 14

Jíà ò gbọ́ràn. Tó bá fún jù, á jó; tó bá dẹ̀ jù, á máa ké títí tó fi máa fọ́. Mo fi ọ̀dà kun eyín rẹ̀ kí n lè rí ibi tó ti ń jẹra. Kò bọ́ sí i. Mo tú u palẹ̀, mo tún un tò. Kò bọ́ sí i. Mo bú Arúgbó, mo bú ìran Arúgbó. Bàámi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, wọ́n dijú, wọ́n ń fetí gbọ́ jíà. Bí mo bá yí i, wọ́n á gbé ọwọ́ òsì sókè: ó tì. Nígbà tó yá, mo yí i, ọwọ́ ò gbéra. Mo tún yí i. Ọwọ́ wà lórí itan wọn jẹ́ẹ́.

Mo ka iwájú. Mo ka ẹ̀yìn. Ọgbọọgba.

Ẹtì, 15

Òjò. Ọ̀la ni.

Àbámẹ́ta, 16

A dé ẹsẹ̀ òkè. Ẹrẹ̀ pupa, ojú ọ̀nà ti wó lápá kan. Mo dúró. Bàámi ló wà lápá ọ̀tún mi, Màámi gbá wọn mú. Mo fẹ́ fa ọ̀pá kékeré, ọwọ́ òsì Bàámi ti wà níbẹ̀. Wọ́n fà á fúnra wọn. Kò dún gbà. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbá ilẹ̀ mú, Arúgbó ń gòkè, kò yára, kò sì yọ̀.

Ní kọ́nà yẹn, wọ́n fọwọ́ lu dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo dúró. Wọ́n wo àfonífojì títí tó fi tó wọn, wọ́n tún fọwọ́ lù ú, a lọ.

Mo gbé wọn wọlé, mo tẹ́ wọn sórí ibùsùn wọn. Màámi tẹ̀ sí wọn létí. Wọ́n ní, “Ọmọ yín ti gbé yín délé o.” Bàámi rẹ́rìn-ín, pẹ̀lú ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó kù.

Mo mọ̀ pé kì í ṣe èmi ni Màámi ń wí. Kò dùn mí rárá. Mo jáde lọ fọ ẹrẹ̀ kúrò lára áásù Bọ̀ọ̀dá.